Bí ọkọ̀ bá gbá yín lójú títì, ẹ má tètè sọ pé ‘kò sí nǹkan’

“Ká má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà” ni àdúrà tí àwọn àgbà máa ń gbà fún ẹni tó bá ń jáde nílé láàárọ̀, àmín la sì máa ń ṣe sí i. Ṣùgbọ́n àdúrà kò ní ká má mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ọkọ̀ bá gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn jẹ́jẹ́.

Ẹ wo ohun tó wọ́pọ̀ láàárín wa. Dáńfó á sáré dé, á gbá obìnrin tó fẹ́ sọdá títì. Obìnrin náà á ṣubú, á dìde, á gbọn eruku ara ìró rẹ̀ nù, á ní: “Kò sí nǹkan, Ọlọ́run ló yọ mí, ẹ máa lọ.” Awakọ̀ á dọ̀bálẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Bó bá di òru, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ obìnrin yìí, èébì á tẹ̀lé e. Níbo ni wọn yóò ti wá rí awakọ̀ náà? Ìpayà máa ń bo ìrora mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn nínú agbárí tàbí nínú ikùn láìsí ọgbẹ́ kankan lójú ara.

Ohun àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí. Bí ẹ bá lè rìn, ẹ kúrò lójú títì. Bí ọrùn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, tàbí tí ẹsẹ̀ kò ṣe é gbé, ẹ má jẹ́ kí àwọn èèyàn fà yín lápá fà yín lẹ́sẹ̀ bí àpò ìrẹsì, àfi bí ewu mìíràn bá ń bọ̀. Egungun ẹ̀yìn tó ti sán lè ba okùn inú rẹ̀ jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbéni, ẹni náà sì lè má rìn mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, kí ẹnì kan fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ibẹ̀ gírígírí, kó má sì tètè ṣí i wò. Ẹ má ṣe fún ẹni tó fara pa ní omi mu. Nọ́ńbà tí ẹ lè pè ni 122 ti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112. Àwọn ará Èkó tún lè pe 767.

Ìkejì ni ọkọ̀ náà. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà fóònù awakọ̀ àti ti àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn. Ẹ bẹ àwọn èrò kí wọ́n má lu awakọ̀. Òfin ní kó dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí igi lọ́wọ́ èrò yóò sá lọ ni, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ èyí tí yóò gbé yín dé ọsibítù.

Ìkẹta ni ìtọ́jú. Òfin ètò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá rú u. Lẹ́yìn tí ẹ bá délé, bí ẹ bá ń bì, tí oorun àìgbọdọ̀máṣe ń kùn yín, tí ikùn ń le tàbí tí ẹ ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ padà sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. A kò bú àwọn teguntegun wa o, ṣùgbọ́n ẹ ya àwòrán egungun ná. Bí wọ́n bá di ẹsẹ̀ le jù, ẹ̀jẹ̀ kò ní í dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ á sì jẹrà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, ibi ìdì yẹn ni wàhálà wọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ìka bá tutù, tó dúdú, tàbí tó kú tipiri, ẹ ní kí wọ́n tú u kíákíá.

Ìkẹrin ni ẹ̀tọ́ yín. Ẹ fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí. Inṣọ́ránsì tí òfin sọ di dandan fún gbogbo ọlọ́kọ̀, èyí tí owó rẹ̀ di ₦15,000 fún ọkọ̀ àdáni láti ọdún 2023, kì í ṣe fún títún ọkọ̀ awakọ̀ ṣe. Nítorí irú yín tí ọkọ̀ náà ṣe léṣe ni wọ́n ṣe ṣe é. Nítorí náà, bí awakọ̀ bá ní òun kò lówó, ọ̀rọ̀ kò tíì parí síbẹ̀. Ẹ béèrè ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀, ẹ sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì oògùn, ti àyẹ̀wò àti ti owó ọkọ̀ tí ẹ ń wọ̀ lọ sí ọsibítù.

A mọ̀ pé Yorùbá fẹ́ràn kí á parí ìjà nítùbí ìnùbí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba owó táṣẹ́rẹ́ lẹ́bàá títì, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé pé ọ̀rọ̀ ti parí, nígbà tí dókítà kò tíì sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá dárí jini kò ṣẹ̀, àmọ́ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dárí rẹ̀ jì.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí á rí àgbákò lọ́nà.