« Sans cholestérol » ni wọ́n kọ sára ìgò epo: ṣé ọkàn wa ti bọ́ nínú ewu nìyẹn?

Bí ẹ bá lọ ra òróró, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ « sans cholestérol » sára ìgò. Irọ́ kọ́ o. Ṣùgbọ́n epo tó bá ti ara igi tàbí èso wá, kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ò tó nǹkan kan. Epo pupa tí àwọn ìyá wa ń fún nílé náà ò ní in. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé kí ni epo náà ń ṣe tó bá dénú ara.

Irú ọ̀rá kan ni kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù. Ẹ̀dọ̀ wa ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ara sì nílò rẹ̀. Ìyókù ń bá ẹran, ẹyin àti wàrà wọlé. Nínú ẹ̀jẹ̀, LDL ló ń gbé e kiri. Tó bá pọ̀ jù, á máa lẹ̀ mọ́ inú iṣan. HDL ní tirẹ̀ ń kó àṣẹ́kù padà sí ẹ̀dọ̀. Iṣan á wá máa há díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì ní dunni rárá. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá dì síbẹ̀, àyà á fún ẹni pinpin, tàbí kí apá kan rọ, kí ẹnu wọ́. Wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Ọ̀rá tó máa ń dì ló ń dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ kó má lè kó LDL kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Ẹ wo epo pupa yín láàárọ̀ ọyẹ́: ó ti dì. Òróró ẹ̀pà ò dì bẹ́ẹ̀. Nínú 100 gíráàmù epo pupa, bí ìdajì ni ọ̀rá yìí. Ti àdín àti epo àgbọn lé ní 80. Ti òróró ẹ̀pà ò tó 20. A ò ní kẹ́ ẹ da epo pupa nù o! Ohun tó mú un pupa ń di fítámì A lára, ó dáa fún ojú ọmọdé. Àmọ́ ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ìgbakọ. Ẹ má sì yọ́ ọ títí á fi funfun, nítorí iná ti jẹ oore inú rẹ̀ tán nìyẹn.

Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ Àjàrá dùn, ta ló máa jiyàn? Ẹ fi sí ọjọ́ ọdún. Ẹ bó awọ tòlótòló àti ti adìyẹ kúrò, ẹ jẹ ẹja dípò rẹ̀ nígbà púpọ̀.

Ẹ̀wà ló yẹ ká máa yìn. Kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù ni ẹ̀dọ̀ fi ń ṣe omi òróòro. Ìhàhà inú ẹ̀wà máa ń di òróòro yìí mú, á bá ìgbẹ́ jáde, ẹ̀dọ̀ á sì tún mú kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù látinú ẹ̀jẹ̀ láti fi ṣe òmíràn. Ó kàn jẹ́ pé àwa kan ń da epo dídín lé àbọ́bọ̀ títí á fi máa léfòó ni.

Iyọ̀ ò fi kún kọlẹsitẹrọ́ọ̀lù, tàńsíọ̀n ló ń gbé sókè. Kó má ju ṣíbí kékeré kan (gíráàmù 5) lọ lóòjọ́, tòun ti kúúbù, nítorí bí ìdajì kúúbù ló jẹ́ iyọ̀. Sìgá burú pátápátá. Ẹni tó ń roko ti ń ṣeré ìdárayá tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ sì ń gun sẹ́míjáànù lọ sọ́jà, ẹ fẹsẹ̀ rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀.

Ẹni tó bá ti lé ní ọdún 40, tàbí tó ní tàńsíọ̀n tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó ní kí dókítà ṣe « bilan lipidique » fún òun. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n á fà. Bí wọ́n bá fún un lóògùn, tí nọ́ńbà sì wálẹ̀, oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀.