“Give me a hand”: ìrànlọ́wọ́ lẹ́nu Òyìnbó àti “bá mi” tiwa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kà á.

Ọ̀kan nínú yín tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó nílùú Ọba kọ̀wé sí mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ kan, òun sọ fún Òyìnbó tí àwọn jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ pé, “Help me give the man in Room 6 his tablets.” Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni, “Bá mi fún Bàbá lóògùn wọn,” kí òun lè ráyè gbọ́ ti ẹlòmíì. Ohun tí Òyìnbó gbọ́ ni, “Jẹ́ ká jọ lọ fún wọn.” Ló bá dúró dè é. Oògùn aago mẹ́jọ di ti aago mẹ́wàá. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, nǹkan kan ò ṣe Bàbá, àmọ́ ọ̀gá wọn ní kí ọmọ wa kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Ó wá bi mí pé, “Prof, kí ni mo ṣì sọ?”

Ìdáhùn mi rèé. Iṣẹ́ méjì ni “bá” ń ṣe lédè wa. “Bá mi gbé e” lè jẹ́ pé ká jọ gbé e. Ó sì lè jẹ́ pé kí ìwọ gbé e nítorí mi. Bí mo bá ní, “Ẹ bá mi kí ìyàwó yín,” ṣé ẹ ó dúró kí n wọ bàtà ká jọ lọ kí wọn ni? Rárá o. “Help” ò ní iṣẹ́ kejì yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Òyìnbó tó bá ní “help me” ń sọ pé òun náà wà nídìí iṣẹ́ náà, apá òun nìkan ni ò ká a. Ìdí nìyí tí “Help me greet your wife” fi máa ń rú wọn lójú. “Say hello to your wife for me” ni wọ́n ń sọ. “For me” yẹn gan-an ni “bá mi” tí ọmọ wa ń wá kiri.

Bó bá wá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kí ẹnì kan fọwọ́ kún tiyín, “Give me a hand” wà ńlẹ̀. Ó súnmọ́ “ràn mí lọ́wọ́” dáadáa. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ wà nínú méjèèjì? Tábìlì wúwo, ọkọ̀ kú sójú títì: “Can you give me a hand with this?” Ọ̀rọ̀ ẹnu ni o. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọ̀gá báńkì.

“Lend a hand” ò jìnnà sí i, àmọ́ ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. “Yá” kan náà là ń lò fún ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà: mo yá a lówó, mo yá owó lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó pín in sí méjì: ẹni tó fúnni ló “lend,” ẹni tó gbà ló “borrow.” Ibẹ̀ ni “borrow me your biro” ti bẹ̀rẹ̀.

“Help out” jẹ́ ti ìgbà tí nǹkan há, tí ẹnì kan sì dí àlàfo fúngbà díẹ̀: “My brother helped me out when I lost my job.”

“Assist” ní tiẹ̀, inú èdè Látìn ló ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ ni kéèyàn dúró ti ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Bí iná bá ń jólé, kò sí Òyìnbó tó máa pariwo pé “Assist me!” “Help!” ni yóò ké. “Help” ti wà lẹ́nu wọn tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ wọn lọ́dún 1066. “Aid” àti “assist” gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọlé lẹ́yìn náà. Bí ẹ̀rù bá bani, ọ̀rọ̀ ìdílé lẹnu máa ń sá lọ bá.

Ẹyọ kan kù. Bí olóòtú bá ní, “Give him a big hand!” àtẹ́wọ́ ló ń bèèrè. Mo ti rí ẹni tó dìde fùú níbi ayẹyẹ kan, tó fẹ́ lọ bá wọn gbé àmì-ẹ̀yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ o. Nígbà tí mo ń kọ́ yín, mo fi báírò pupa fa igi sórí “Help me greet your mother” títí ó fi sú mi, n kò sì sọ ìdí rẹ̀ fẹ́nì kankan. Mo rò pé àìkàwé ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gírámà Yorùbá ni ẹ tẹ̀ lé, kò yà bàrá. Gẹ̀ẹ́sì ni kò bá a lọ. Ká ní mo ṣàlàyé nígbà náà ni, bóyá ọmọ wa ì bá tí kọ lẹ́tà sí ọ̀gá kankan. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀.

Torí náà, ọmọ mi, mú un báyìí: bí o bá fẹ́ kó lọ, “Could you do it for me?” Bí ẹ ó bá jọ ṣe é, “Could you give me a hand?” Níbi tí oògùn bá wà, má fi ọ̀kan ṣe èkejì.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé o. Ẹ má dúró dè mí.