Àwo Tí Kò Lọ́jọ́ Ìbí

Ẹ̀yin ará Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba ní Ìbàdàn, ẹ fa àpótí àwo tí baba yín fi sílẹ̀ jáde. Orúkọ olórin wà lára àwo, orúkọ ilé-iṣẹ́ wà níbẹ̀, nọ́ńbà náà wà. Ọdún tó jáde ni ẹ ò ní rí lára púpọ̀ nínú wọn.

Iṣẹ́ wíwá ọdún náà kò ṣàjèjì sí yín. Ìyá àgbà tí ẹnikẹ́ni ò kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀ ní agboolé kan ní Bẹ́yẹrunkà ńkọ́? A ó bi wọ́n pé nígbà tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929, ṣé wọ́n ti ń rìn? Wọ́n á ní ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọn àwọn sí. Nígbà tí oyè Baálẹ̀ di Olúbàdàn ní 1936 ńkọ́? Àwọn ti ń kiri ẹ̀kọ. Àgbà mìíràn á dá sí i pé rárá o, ẹ̀gbọ́n wọn ló ń kiri, àwọn kàn ń tẹ̀ lé e ni. Bẹ́ẹ̀ la ó máa pààlà, títí ọdún tí wọ́n bí wọn kò fi ní ríbi sá sí mọ́.

Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà wá ọdún àwo blues, orin àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà. Bessie Smith kọ “Back-Water Blues”, orin omíyalé. Ní oṣù kẹrin 1927, odò Mississippi ya bo ilé àti oko lọ rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé òun lorin náà ń sọ. Àmọ́ ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún náà ni ilé-iṣẹ́ Columbia gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí Mississippi tó já bèbè. Odò Cumberland tó ya wọ Nashville nígbà Kérésì 1926 ni àwọn tó wádìí rẹ̀ ń tọ́ka sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ odò Ògùnpa nínú àwo, ẹ má tíì sáré pè é ní ti omíyalé 1980. Ògùnpa ya ní 1978, ó sì ti ń yà ṣáájú ìgbà náà. Náírà ṣeé gbára lé jù ú lọ: ó ṣòro kí àwo tó bá dárúkọ rẹ̀ ṣáájú 1973 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Nọ́ńbà ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbé àwo síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo ibi tó ń dán láàárín bébà orúkọ àti ibi tí orin parí sí. Nọ́ńbà kékeré máa ń wà níbẹ̀. Ti gbígba ohùn sílẹ̀ nìyẹn. Ti ara bébà ni ti títà. Bí a bá ti mọ ọdún àwo kan, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ súnmọ́ ọn láti ilé-iṣẹ́ kan náà kò ní jìnnà sí i.

Ọ̀rọ̀ Hárúnà Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ nọ́ńbà. Ní 1948, ó gba orin Ọba Adébóyè ti Ìjẹ̀bú-Igbó sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ HMV, kò tà. Ní 1955, lẹ́yìn tí ọba wàjà, ó tún gbà á sílẹ̀, èyí ló wá gba ìgboro. Olórin kan náà, ọba kan náà. Bí ó bá wà nínú àpótí yín, ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ti àkọ́kọ́ ni, ẹ má sì jẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀.