Níbo Ni Àlejò Yóò Ju Ìdákọ̀ró Sí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba ní àwọn erékùṣù Grenadines, tí wọ́n tò bí ìlẹ̀kẹ̀ láàárín Saint Vincent àti Grenada nínú òkun Kàríbíà. Lọ́dọọdún ni àwọn olówó Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń tu ọkọ̀ ìgbòkun ara wọn lọ síbẹ̀ láti ṣe fàájì.

Ìgbádùn náà kì í ṣe kékeré. Ẹ̀fúùfù ìlà-oòrùn kì í sábà dáwọ́ dúró, bẹ́ẹ̀ ni erékùṣù kan kò jìnnà sí èkejì. Ẹni tí ó jẹun òwúrọ̀ ní Bequia lè sùn ní Mayreau lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìtukọ̀ kọ́ ni ó le jù, ìdúró ni. Ọlọ́gbọ́n atukọ̀ kì í wọ àárín òkìtì iyùn nígbà tí oòrùn bá ń tàn sí i lójú. Nígbà tí oòrùn bá ga ni àwọ̀ omi ń sọ̀rọ̀: ibi tí ó dúdú bí aró ni ibú, ibi tí ó dà bí ewé tútù ni iyanrìn, ibi tí ó pọ́n bí pákó ni iyùn tí í fọ́ ọkọ̀. Orí iyanrìn ni yóò ju ìdákọ̀ró sí, yóò sì tú ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀wọ̀n bá kúrú, ìdákọ̀ró a tú, ọkọ̀ a sì sú lọ nígbà tí olówó rẹ̀ ń hanrun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Iyùn kì í ṣe òkúta lásán. Ẹ̀dá alààyè kéékèèké ni ó kọ́ ọ, irú mìíràn nínú rẹ̀ kì í sì í ga ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ lọ́dún. Ohun tí ìdákọ̀ró wó ní ìṣẹ́jú kan, ọmọ-ọmọ onílé lè má rí àtúnṣe rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òkìtì yìí ni ilé ẹja tí apẹja ń pa jẹ, òun náà sì ni odi tí ń ṣẹ́ agbára ìgbì kí ó tó dé èbúté.

Nítorí náà ni ìjọba Saint Vincent àti Grenadines, tí ó gba òmìnira ní 1979, ṣe sọ Tobago Cays, erékùṣù márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò gbé, di ọgbà ìdáàbòbò inú òkun ní 1997. Àlejò ń san owó níbẹ̀, àwọn aṣọ́gbà ń yí ká, a sì pààlà sí ibi tí ìjàpá òkun ti ń jẹ koríko ní Baradal.

Ẹnìkan lè wí pé òkun kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Agbami lè jẹ́ ti gbogbo ayé, ṣùgbọ́n omi ẹnu ọ̀nà onílé, onílé ni ó ni ín. Ọkọ̀ tí ó bá wọlé a ta àsíá àwọ̀ ìyeyè títí aṣọ́bodè yóò fi yẹ ìwé rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni yóò ta àsíá orílẹ̀-èdè tí ó gbà á lálejò. Àṣà rere ni.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje 2024, ìjì Beryl kọlu Carriacou àti Union Island, ó sì wó ọ̀pọ̀ jù lọ ilé tí ó wà níbẹ̀. Ọlọ́kọ̀ lè fa ìdákọ̀ró rẹ̀ sókè kí ìjì tó dé, ṣùgbọ́n onílé kò lè fa ilé rẹ̀ tu. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi èyí kọ́ àwọn ọmọ wa: ẹni tí ó lè lọ nígbà tí ó bá wù ú kò gbọdọ̀ pàṣẹ fún ẹni tí kò ní ibòmíràn.