Títún Aago Àpò Bàbá Àgbà Ṣe

Ǹjẹ́ o ti rí aago àpò rí? Kì í ṣe aago ọwọ́, kì í sì í ṣe aago ara ògiri. Ó rí roboto, ó ní ìdérí lẹ́yìn, ó sì ní ẹ̀wọ̀n kékeré tí a fi ń so ó mọ́ ẹ̀wù kí ó má baà jábọ́. Inú àpò ni àwọn bàbá wa àtijọ́ ń fi í sí. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ iye tí aago lù, wọn yóò fà á yọ, wọn yóò wò ó, wọn yóò sì dá a padà.

Aago tí ènìyàn lè gbé kiri kì í ṣe ohun tuntun. Ní nǹkan bí ọdún 1510, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Peter Henlein, tí ó ń ṣe àgádágodo ní ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, ti ń ṣe irú aago bẹ́ẹ̀. Ní Èkó níbí, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà rélùwéè ní ọdún 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin kò lè lọ déédéé láìsí aago. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919, a sún aago Nàìjíríà síwájú. Kí ọjọ́ náà tó dé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni aago wa fi ṣáájú ti Greenwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ náà, ó di wákàtí kan. Ẹni tí ó bá ní aago àpò nígbà náà ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sún un síwájú.

Jẹ́ kí a wí pé ilé yín wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ìgà Ìdúngànràn. Ìyá àgbà ṣí àpótí rẹ̀, ó mú aago bàbá àgbà jáde. Ó ti pẹ́ tí aago náà ti dákẹ́. Ó ní, "Ọmọ mi, ǹjẹ́ a lè rí i tún ṣe?" Kí ni ìwọ yóò ṣe? Ṣé ọ̀bẹ ni ìwọ yóò fi ṣí i? Rárá o! A lè fi owó ra aago mìíràn ní ọjà Balógun, ṣùgbọ́n a kò lè ra èyí tí bàbá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe láti mú kí aago náà ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni láti má ṣe bà á jẹ́ ju bí ó ti wà lọ.

Bí aago àpò ṣe ń ṣiṣẹ́

Aago àpò àtijọ́ kò ní bátìrì. Agbára rẹ̀ wà nínú sípíríńgì ńlá kan. Irin pẹlẹbẹ gígùn ni, tí a ká sínú agolo kékeré. Bí a bá lọ́ orí aago, sípíríńgì yìí yóò ká mọ́ra. Bí ó bá sì ti ń tú, yóò máa yí àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó wà nínú aago.

Bí kò bá sí ohun tí ó dá a dúró, sípíríńgì náà yóò tú tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìkọ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ó dà bí oníbodè. Yóò jẹ́ kí eyín kẹ̀kẹ́ kan kọjá, yóò dí ọ̀nà, yóò tún jẹ́ kí òmíràn kọjá. Kẹ̀kẹ́ kan tí ń fì síwá sẹ́yìn ni ó ń sọ fún oníbodè yìí ìgbà tí yóò ṣí ọ̀nà. Sípíríńgì mìíràn, tí ó tín-ín-rín bí irun orí, ni ó ń dá kẹ̀kẹ́ náà padà bí ó bá ti fì lọ.

Ìró oníbodè yìí ni à ń gbọ́ bí a bá gbé aago sí etí. Nínú ọ̀pọ̀ aago àpò, ó ń dún ní ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí jẹ́ ìgbà 18,000 ní wákàtí kan, àti ìgbà 432,000 ní ọjọ́ kan! Bí o bá rí òkúta pupa kéékèèké nínú rẹ̀, má ṣe rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Inú ihò wọn ni ẹnu àwọn kẹ̀kẹ́ ti ń yí, nítorí pé òkúta líle kì í tètè jẹ.

Ohun tí ó ń mú aago dákẹ́

Omi ni ó yí Erékùṣù Èkó ká. Afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ wá láti òkun ní iyọ̀ àti ọ̀rinrin nínú, ó sì ń mú kí irin dípẹtà. Nígbà ọyẹ́, eruku ń wọ inú aago. Epo tí ó wà nínú aago náà yóò gbó, yóò sì ki bí oje igi. Àwọn ènìyàn a máa wí pé, "A ti lọ́ ọ jù ni kò ṣe ṣiṣẹ́." Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Sípíríńgì ti ká dé ibi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ti mú àwọn kẹ̀kẹ́, wọn kò lè yí.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Èkíní, gba àṣẹ lọ́wọ́ àgbà ilé, kí o sì wá olùkọ́. Ní agbègbè Ìdúmọ̀tà àti Balógun, o lè rí àwọn tí ń tún aago ṣe ní ẹ̀gbẹ́ títì, pẹ̀lú tábìlì kékeré, àti awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lójú kan. Kí wọn pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá." Olùkọ́ tí ó gbọ́n kò ní jẹ́ kí o fọwọ́ kan aago ilé yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Aago tí kò wúlò mọ́ ni yóò gbé fún ọ láti fi kọ́ṣẹ́.

Èkejì, wo ojú aago náà. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí a fi ọ̀dà kùn kí ó lè máa tàn nínú òkùnkùn, má ṣe ṣí i rárá. Láyé àtijọ́, a máa ń fi rédíọ́ọ̀mù sínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, eruku rẹ̀ sì léwu bí ó bá wọ ẹnu tàbí imú.

Ẹ̀kẹta, tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí o sì pa fáànù. Ìdè inú aago kéré púpọ̀. Bí ó bá fò lọ, o lè wá a títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí ẹ bá ti ń yọ ohun kọ̀ọ̀kan, ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé, kí o sì fi í sínú agolo tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tú agbára sípíríńgì ńlá kí ẹ tó yọ kẹ̀kẹ́ kankan. A ó di orí aago mú ṣinṣin, a ó rọra gbé ìkọ́ tí ó dá sípíríńgì dúró, orí aago yóò sì máa yí padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ìka. Ẹni tí ó bá gbàgbé èyí yóò rí i tí àwọn kẹ̀kẹ́ yóò sáré lójijì, eyín wọn a sì kán.

Ẹ̀karùn-ún, ìfọ̀. Bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń tún aago ṣe fi ń fọ̀ ọ́. Àgbà ni ó ń ṣe èyí, níta gbangba, níbi tí kò sí iná. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti fi igi ṣóńṣó nu inú àwọn ihò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi pákò fọ eyín láràárọ̀.

Ẹ̀kẹfà, epo. Epo aago ni a ń lò, kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe òróró ìdáná. Ẹnu abẹ́rẹ́ ni a fi ń kán an, ó sì gbọ́dọ̀ kéré púpọ̀. Epo tí ó bá pọ̀ jù yóò ṣàn káàkiri, yóò sì kó eruku jọ.

Ẹ̀keje, títò ó padà. Ohun tí a yọ gbẹ̀yìn ni a kọ́kọ́ ń dá padà. Kí a tó de ìdè kan le, a ó kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn kẹ̀kẹ́ ń yí fàlàlà. Bí ohun kan kò bá wọlé, má ṣe tì í. Tú u, kí o tún un tò. Ibí ni ọ̀pọ̀ àwọn akọ́ṣẹ́ ti ń ba aago jẹ́, nítorí pé ojú ń kán wọn. Àwọn àgbà wí pé, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Bí o bá wo inú ìdérí ẹ̀yìn, o lè rí nọ́ńbà tàbí lẹ́tà tí a fi irin ṣóńṣó ha síbẹ̀. Àwọn tí ó ti tún aago náà ṣe ṣáájú rẹ ni wọ́n ha á. Má ṣe pa á rẹ́. Ó ń fi hàn pé aago yìí ti dákẹ́ rí, ẹnì kan sì ti fi sùúrù jí i.

Lónìí, tẹlifóònù ń sọ iye tí aago lù fún wa. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ kékeré náà bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fì, má ṣe sáré kó o sí àpò. Gbé e lọ fún ìyá àgbà, kí ó fi sí etí rẹ̀. Ìró tí ó ti gbọ́ láti inú àpò ọkọ rẹ̀ ni yóò tún gbọ́.

Dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ ẹni tí ó fẹ́ tún aago àtijọ́ ṣe?
2. Kí ni a fi oníbodè wé nínú ẹ̀kọ́ yìí? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Dárúkọ ohun méjì tí ó ń mú kí aago dákẹ́ ní Erékùṣù Èkó.
4. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí a kò bá tú agbára sípíríńgì ńlá?
5. Sọ ohun àtijọ́ kan tí ó wà ní ilé yín, àti bí ẹ ṣe ń tọ́jú rẹ̀.