Orí Òkè Kọ́ Ni Iná Ti Jáde: Ìtàn Tristan da Cunha

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama, bí tíṣà bá ní ká ya òkè ayọnáyèéfín, ohun kan náà ni gbogbo wa máa ń yà: òkè ṣóńṣó, ihò lórí ẹ̀, iná ń tú jáde látinú ihò náà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà á títí mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa òkúta. Erékùsù kan ló là mí lójú. Tristan da Cunha lorúkọ ẹ̀.

Àárín agbami Àtìláńtíìkì ló wà, níhà gúúsù. Ibi tó sún mọ́ ọn jù tí èèyàn ń gbé, ìyẹn erékùsù Saint Helena, jìnnà sí i tó nǹkan bíi 2,400 kìlómítà. Cape Town tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí pápákọ̀ òfuurufú níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń débẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ lé díẹ̀ ní igba, abúlé kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Erékùsù yìí fúnra ẹ̀, òkè ayọnáyèéfín ni látòkè délẹ̀. Ṣóńṣó orí ẹ̀ ga tó 2,062 mítà sókè òkun, èyí tí omi bò sì pọ̀ ju èyí tá à ń rí lọ.

Ní August 1961, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó kọ́kọ́ dà bí nǹkan kékeré, àmọ́ ó ń le sí i, àpáta wá ń já bọ́ láti ara òkè tó wà lẹ́yìn abúlé. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ October, ilẹ̀ ti là nítòsí àwọn ilé, ó sì wú sókè bí òkìtì ọ̀gán. Ní October 10, iná yọ níbẹ̀, kò tó ìdajì kìlómítà sí ibi tí wọ́n ń sùn. Tẹ́nì kan bá gbójú sókè wo ṣóńṣó òkè lọ́jọ́ yẹn, kò ní rí nǹkan kan. Ó dákẹ́ lọ lọ.

Àwọn 264 tó wà níbẹ̀ sá lọ sí oko ànàmọ́ wọn, wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú, lẹ́yìn náà wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí erékùsù Nightingale. Ọkọ̀ òkun àwọn ará Netherlands kan, Tjisadane, ló wá kó wọn lọ sí Cape Town, láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iná náà ò pa ẹnì kankan. Àwọn ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ má fara gbá nǹkan kan, àmọ́ àpáta yíyọ́ bo ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di edé ńlá inú òkun sínú agolo, ó sì bo etíkun tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn nìyẹn.

Kí ló dé tí iná ò gba orí òkè jáde? Ẹ wo páìpù omi. Tẹ́ ẹ bá ti ẹnu ẹ̀rọ pa, tí omi sì ń tì í látẹ̀yìn, ibi tí páìpù bá ti sán ni omi máa gbà. Àpáta yíyọ́ tó wà lábẹ́ ilẹ̀ fúyẹ́ ju òkúta tó yí i ká lọ, gáàsì inú ẹ̀ náà sì ń tì í. Bí ọ̀nà tó lọ sí orí òkè bá ti dí, tí ẹ̀gbẹ́ òkè sì là, ó di dandan kó yà síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di: ṣé ó ní ibi tó máa ń yà sí? Òkúta ló máa dáhùn. Irú potassium kan wà nínú òkúta tó ń yí padà di gáàsì argon díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òkúta ṣì yọ́, gáàsì náà ń sá lọ. Tó bá ti dì, gáàsì há sínú ẹ̀, ẹni tó bá wọ̀n ọ́n lè mọ ọjọ́ orí òkúta. Mo ń kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́wọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kò rọrùn. Ìdajì potassium yẹn kì í tán àfi lẹ́yìn bílíọ̀nù kan ọdún ó lé, torí náà argon inú òkúta tí ò tíì pẹ́ kéré jọjọ, argon inú afẹ́fẹ́ sì ń dà pọ̀ mọ́ ọn.

Síbẹ̀ wọ́n ṣe é ní Tristan, wọ́n sì gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2012. Wọ́n rí i pé orí òkè ṣì ń yọná ní nǹkan bíi 5,000 ọdún sẹ́yìn, àti pé àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ òkè ń yọná láàárín àkókò kan náà. Ibi tí iná ti yọ àti ìgbà tó yọ, kò tẹ̀ lé ètò kankan. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ní July 2004 gan-an, abẹ́ òkun ló ti yọ: ilẹ̀ mì, òkúta fúyẹ́ tó ń léfòó sì gúnlẹ̀ sí etíkun wọn.

Ní 1962, wọ́n dìbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bóyá kí wọ́n padà sílé. 148 ní àwọn ń lọ, àwọn 5 ní rárá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo ní orí wọn dàrú ni. Àmọ́ òtútù àti àìsàn ti bá wọn fínra níbẹ̀, àwọn àgbà wọn kan sì kú. Ilẹ̀ tó mì fún oṣù méjì kó tó yọná ti kìlọ̀ fún wọn, ó sì fún wọn láyè láti sá. Mi ò tún lè pè wọ́n ní òmùgọ̀ mọ́.

Tẹ́ ẹ bá rí àwòrán abúlé náà tí wọ́n yà láti ojú òkun, òkìtì dúdú tó wà lápá òsì àwọn ilé ni iná 1961 yẹn. Èbúté kékeré tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n padà náà wà níbẹ̀. Calshot ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ibi tí wọ́n gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.