Ṣé gbogbo ayàwòrán ẹja lábẹ́ òkun ni rebreather yẹ?

Ìṣòro ńlá ni èémí jẹ́ fún ẹni tó ń ya fọ́tò ẹja lábẹ́ òkun. Bó bá ti mí síta, omi á hó yaya, ẹja á sì sá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń lo rebreather. Ẹ̀rọ yìí kì í da èémí nù bíi sílíńdà lásán. Èémí téèyàn mí jáde ló ń gbà padà, kẹ́míkà inú rẹ̀ á fa carbon dioxide kúrò, yóò sì bu oxygen kún un. Kò sí ariwo, èèyàn sì lè pẹ́ nísàlẹ̀.

Àmọ́ ewu ńbẹ o. Oxygen lè dín kù nínú ẹ̀rọ náà láìjẹ́ pé èémí há èèyàn. Ojú rẹ̀ á kàn ṣókùnkùn lójijì. Ti sílíńdà kò rí bẹ́ẹ̀; bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá tán, èèyàn á kúkú mọ̀.

Rob Stewart, ọmọ Kánádà tó ṣe fíìmù Sharkwater, kú ní Florida lóṣù kìíní ọdún 2017 lẹ́ni ọdún 37. Rebreather ló lò dé nǹkan bíi mítà 70, ẹ̀ẹ̀kẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó jáde sójú omi, ó tún rì. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé oxygen ni kò tó.

Lójú tiwa, ẹni tí fọ́tò ẹja jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀, tó ráyè kọ́ ẹ̀rọ náà dáadáa, ló yẹ. Ẹni tó ń rì sómi nígbà ìsinmi nìkan, kó máa lo sílíńdà rẹ̀.